Àjàyí Ọmọ Òṣoògùn, Ẹni tí Kò Mọ Ibi tí Wọ́n Ń Mú Un Lọ

Kí a tó bọ́ sí àwọn orin tí ó wà nínú ìwé yìí, ìtàn ìgbésí ayé ẹnìkan ni a fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ fún yín, ìdí tí a sì fi mú un kò jìnnà rárá. Ní Kégué wa níhìn-ín, ẹni tí ó bá tẹ́tí sí ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ará ń kó wá síwájú pẹpẹ yóò gbọ́ pé ìbéèrè kan ni ó pọ̀ jù nínú wọn: báwo ni ọ̀la mi yóò ti rí? Ọmọ jáde ilé ìwé, kò rí iṣẹ́. Ìyàwó wà ní Lómè, ọkọ wà ní Cotonou, owó kò jẹ́ kí wọ́n pàdé. Onílé ní kí a kó jáde, a kò sì tíì rí ibòmíràn. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ lè sọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀rù ṣáà ń bà á ni.

Kì í ṣe òní ni irú nǹkan báyìí bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa Yorùbá tí a wà ní ilẹ̀ Tógò. Àwọn àgbà tí ìjọba Gánà lé ní ìparí ọdún 1969, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀, tí wọ́n ru ẹrù kọjá ní Aflao pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ilé ni wọ́n ní àwọn ń lọ. Lómè ni ìrìn àjò pin sí fún àwọn mìíràn. Àwọn tí ẹrù wọn wà nínú ọjà ńlá Assigamé nígbà tí iná jó o ní oṣù January 2013 mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ń ná ọjà Èkó mọ̀ ọ́n, nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pa ní August 2019, tí kò sì ṣí i títí di December 2020. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a jókòó ti ọmọdékùnrin kan tí ọ̀la rẹ̀ ṣókùnkùn ju ti ẹnikẹ́ni wa lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Àjàyí. Gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Kì í ṣe aláṣọ funfun bí tiwa o. Ìjọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn bàbá wa ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì CMS, ni ó sìn títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá tí a ń kà lórí pẹpẹ wa, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń fi sí abẹ́ ìrọ̀rí sùn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe àjèjì sí wa.

Òṣoògùn ni wọ́n bí i sí, ìlú kan ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ní nǹkan bí ọdún 1807. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà náà ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń tú. Àwọn ará Ọ̀yọ́ kan, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ti kó ara wọn jọ, wọ́n ń kó ìlú lẹ́rú káàkiri. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, nígbà tí àwọn obìnrin ń dáná oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ariwo ta pé ogun ti dé. Ìlú náà kì í ṣe ìlú kékeré. Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ọ́ nígbà tí ó dàgbà pé àwọn ará ibẹ̀ tó 12,000, pé odi yí i ká, ó sì ní ẹnubodè mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kò pé wákàtí mẹ́rin tí ọ̀tá fi wọlé. Bàbá rẹ̀ sáré wá sílé, ó ní kí wọ́n sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Àjàyí kò fojú kàn án mọ́ láé.

Wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ra lọ́rùn bí ẹni so ewúrẹ́: Àjàyí, ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò tíì ju nǹkan bí oṣù mẹ́wàá lọ. Wọ́n ń fà wọ́n lọ, ilé wọn sì ń jóná lẹ́yìn wọn.

Ní Ìsẹ́yìn, ẹṣin kan ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: ọmọ ènìyàn, ẹṣin kan. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ẹni tí ó gba ẹṣin ní ẹṣin náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó dá a padà, wọ́n sì dá Àjàyí náà padà bí ọjà tí a kò fẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìdápadà yẹn ni nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tí kò retí. Ní ìlú kan tí ó pè ní Dada, ó tún bá ìyá rẹ̀ àti ọmọ ìyá rẹ̀ pàdé. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi wà níbẹ̀, tí wọ́n ń rí ara wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú un, wọ́n dì í, wọ́n tún tà á. Kò rí ìyá rẹ̀ kí ó dágbére fún un.

Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á báyìí, títí ó fi di ẹrú obìnrin Mùsùlùmí kan tí ó ń mú un rìn láti ìlú dé ìlú. Ó mú un kúrò ní Ìjàyè dé Ìtòkò. Obìnrin náà sọ fún un pé ilẹ̀ Popo ni àwọn ń lọ, láti lọ ra tábà àti àwọn ohun dáradára mìíràn tí àwọn yóò wá tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ mọ́tò láti Lómè lọ sí Cotonou, ẹ mọ̀ pé bí a bá ti kọjá Aného, tí a rékọjá ibodè ní Hillacondji, Grand-Popo ni ó kàn. Ilẹ̀ tí a ń wí nìyẹn. Aného fúnra rẹ̀ gan-an ni àwọn òyìnbó ń pè ní Popo Kékeré nígbà náà. Ọmọ náà kò gọ̀. Ó ti gbọ́ lójú ọ̀nà pé etí òkun yẹn ni àwọn Potogí ti ń ra ènìyàn, ó sì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá rà lọ kì í bọ̀. Òkun kan náà tí àwọn ọmọ wa ń lọ ṣeré létí rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, lójú Àjàyí, ibẹ̀ ni ayé ti parí.

Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ìgbẹ́ ọ̀rìn mú un. Ní òru, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sùn, ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti ṣe é dé òpin. Ọmọ bí ọdún mẹ́rìnlá ni.

A rò ó dáadáa kí a tó fi èyí sínú ìwé ìjọ. Àwọn kan nínú wa ní kí a fò ó. A kò fò ó, nítorí pé a mọ̀ pé nínú àwọn tí ń wọ aṣọ funfun wá jókòó láàárín wa, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá sí àwọn kan lọ́kàn, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Wọ́n rò pé onígbàgbọ́ kì í ro irú rẹ̀. Ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì fún wa rò ó rí. Ẹni tí ó bá ń bá èyí jà lónìí, kí ó má dá nìkan jókòó pẹ̀lú rẹ̀ ní òru. Kí ó jí ẹni tí ó sún mọ́ ọn, kí ó tọ àgbà ìjọ tàbí ìyá ìjọ tí ó fọkàn tán wá, kí ó sì jẹ́ kí a mú un lọ rí dókítà, nítorí dókítà pẹ̀lú jẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. Ẹnikẹ́ni láàárín wa kò gbọdọ̀ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà tàbí kí ó gbé e jáde.

Obìnrin náà rí i pé ọmọ ń rù, ẹ̀rù bà á pé owó òun fẹ́ ṣòfò, ó sì tà á. Kò mú un dé Popo mọ́. Ọtí àti tábà wà nínú ohun tí wọ́n gbà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n tún tà á. Àwọn oníṣòwò mú un gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Nígbà tí wọ́n dé etí ọ̀sà, ẹ̀rù omi bà á tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé e sínú ọkọ̀ ni, nítorí kò rí omi tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Báyìí ni ó ṣe dé Èkó. Ó wà níbẹ̀ fún oṣù díẹ̀, wọ́n sì tà á fún Potogí. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo so ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ́rùn, ọmọdé pẹ̀lú àgbà. Bí àgbà bá fa ẹ̀wọ̀n náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí ara lè tù ú díẹ̀, ọrùn ọmọdé ni ó ń fún.

Ní ọjọ́ keje oṣù April 1822 wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ tí ń jẹ́ Esperanza Felix. Ó yẹ kí a rántí pé Brazil tàbí Cuba ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ nígbà náà, àti pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bá kó bẹ́ẹ̀ lọ, egungun wọn wà lọ́hùn-ún títí di òní. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ọkọ̀ ogun méjì ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì yọ sí wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, wọ́n sì ní ọkọ̀ tí ń ṣọ́ òkun. (A kò wí pé áńgẹ́lì ni wọ́n, àwọn pẹ̀lú ti ra ènìyàn fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó yí padà.) Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Potogí tí ó ra Àjàyí ti di ẹni tí wọ́n dè.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ ohun tí ó tẹ̀lé e. Inú àwọn ọmọ náà kò dùn. Ẹ̀rù túbọ̀ bà wọ́n ni. Wọ́n rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n gbé idà gígùn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n kó Àjàyí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ogun, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so rọ̀, wọ́n rò pé ẹran ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá tí wọ́n tò jọ, dúdú, róbótó, wọ́n rò pé orí àwọn ọmọ tí wọ́n ti pa ṣáájú wọn ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sún mọ́ ọn wò dáadáa kí ọkàn wọn tó balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí ná. Ìrànlọ́wọ́ ti dé, wọn kò mọ̀ ọ́n ní ìrànlọ́wọ́. Ọmọ náà ti wà ní ọwọ́ ẹni tí yóò dá a sílẹ̀, ó sì ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò tíì mọ orúkọ Jésù ní ọjọ́ yẹn. Kò gba àwẹ̀, kò tan àbẹ́là, ẹnìkan kò rí ìran sí i. Àwa kò kọ ìran o. Ìjọ tí ó gba Ẹ̀mí gbọ́ ni wá, a kò sì ní fi ẹnu wa ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́. Ṣùgbọ́n a mọ àwọn ará tí wọ́n ń ti ilé aríran kan dé òmíràn, Kégué lónìí, Bè lọ́la, Cotonou ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ẹnìkan ka ọ̀la fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí aríran kan bá ti wà ní Ìtòkò, tí ó sọ fún Àjàyí pé òkun tí ó ń bẹ̀rù ni yóò gbé e dé ibi ìdáǹdè, ṣé yóò gbà á gbọ́? A kò rò bẹ́ẹ̀.

A kò sì gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ yìí padà kí ó dà bí ẹni pé oko ẹrú dára. Nígbà tí Àjàyí dàgbà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n kó òun, tí òun kà sí ọjọ́ búburú, òun wá ń kà á sí ọjọ́ ìbùkún, nítorí pé ọ̀nà yẹn ni òun gbà mọ Olúwa. Òun ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀. Àwa kò lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Bàbá rẹ̀ kò padà wá.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù June 1822 ni ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Wọ́n mú un lọ sí abúlé Bathurst, ó wọ ilé ìwé, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Kò ju oṣù mẹ́fà lọ tí ó fi lè ka Májẹ̀mú Titun. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù December 1825, òjíṣẹ́ John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ àlùfáà kan ní London, Samuel Crowther, ṣùgbọ́n kò sọ Àjàyí nù. Ní 1827 ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Ní 1829 ó gbé Asano níyàwó, ọmọbìnrin Yorùbá tí ìyà ẹrú ti jẹ òun náà, tí ó ti di Susan nínú ìrìbọmi. Wọ́n bímọ. Ó di olùkọ́. Ẹni tí ó bá rí i nígbà náà yóò ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dáyọ̀, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ sí Sàró kí ó jẹun.

Ní 1841 ó bá àwọn òyìnbó wọ odò Ọya. Ibà pa nǹkan bí 40 nínú àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ lọ, ìrìn àjò náà sì bàjẹ́. Òun yè é. Wọ́n ránṣẹ́ pè é lọ sí London, wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní 1843. Nígbà tí ó padà dé Freetown, ní oṣù January 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn Yorùbá tí wọ́n ti dá sílẹ̀ bíi tirẹ̀. Nígbà tí ó parí àdúrà, dípò Àmín, wọ́n fi èdè wọn dáhùn pé kí ó ṣẹ. Títí di òní a ṣì ń dáhùn bẹ́ẹ̀ nílé.

Ó ku ilé. Ní àkókò yìí àwọn Sàró ti ń padà wá sí Abẹ́òkúta gba ọ̀nà Àgbádárìgì, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rán òjíṣẹ́ tẹ̀lé àwọn. Crowther, pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní January 1845. Wọ́n rò pé ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn máa lò níbẹ̀ kí àwọn tó máa lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí ó ní kí wọ́n máa bọ̀, kú ní àkókò náà gan-an. Ọ̀nà dí. Ogun wà níwájú, ogun wà lẹ́yìn, àwọn ará Dáhòmì sì wà nítòsí. Bí ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi há sí Àgbádárìgì.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de ìwé àṣẹ, de iṣẹ́, de ọmọ, de ọkọ. Ọkùnrin yìí ń lọ sí ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ọdún mẹ́rìnlélógún. Kò mọ̀ bóyá ìyá òun wà láàyè. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un ìgbà tí ọ̀nà yóò là. Kí ni ó wá ń ṣe? Ó ń wàásù fún àwọn ará Àgbádárìgì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kà á sí. Ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé. Ó ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí Yorùbá, ó ń jókòó ti àwọn àgbà, ó ń tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kí ó lè rí ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ fún ohun kọ̀ọ̀kan. Kò fi ìdádúró náà sùn. Nínú gbogbo ìtàn rẹ̀, ibi tí àwa fúnra wa kò lè gbàgbé nìyí, ju ibi tí wọ́n ti fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù lọ, nítorí pé díẹ̀ nínú wa ni yóò di bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a ó gbé Àgbádárìgì rí.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù August 1846, ó wọ Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, wọ́n mú obìnrin arúgbó kan wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àfàlá ni. Ó ti gbọ́ pé ọmọ òun dé, kò sì gbà á gbọ́. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá àti ọmọ di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé ń dà. Nígbà tí ohùn ìyá là, ó ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà fi ń ké Àjàyí nígbà tí ó wà lọ́mọdé pè é, orúkọ tí kò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí ó ti kúrò ní Òṣoògùn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá. Obìnrin náà kò jókòó sínú ìgbádùn ní gbogbo ìgbà yẹn o. Wọ́n ti tún mú un lẹ́rú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló rà á padà. Ó ti pẹ́ tí kò retí àtirí Àjàyí mọ́.

Crowther ní ìwé kàlẹ́ńdà kan tí ó ń fún oníkálukú ọjọ́ ní ẹsẹ Bíbélì tirẹ̀. Ó wò ó ní ọjọ́ náà, ó sì rí i pé ẹsẹ tí ó bọ́ sí ọjọ́ yẹn ń sọ pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ àwọn aláìníbaba. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù February 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Àfàlá ní Abẹ́òkúta. Wọ́n sọ ọ́ ní Hánnà. Ẹ mọ ìdí rẹ̀: Sámúẹ́lì ni ọmọ rẹ̀.

Ohun tí ó kù, ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ọ ní ilé ìwé. Ó rí Ọbabìnrin Victoria ní 1851. Ó padà wọ odò Ọya ní 1854, wọ́n lo kínínì, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Ó dá iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀ ní Onitsha ní 1857. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù June 1864, ní Canterbury, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ọ̀gá ọkọ̀ ogun tí ó gbà á lọ́wọ́ Potogí ní 1822 ti di arúgbó. Ó wá jókòó síbẹ̀. Ìyá òyìnbó tí ó kọ́ ọ ní ABD ní Bathurst náà wá.

Ẹ má rò pé láti ìgbà náà òróró ṣáà ń ṣàn. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti ń kó jọ fún ọdún mọ́kànlá bá iná náà lọ. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ jóná ní Assigamé lè mọ bí ó ti rí lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù tirẹ̀ kò ṣeé rà padà lọ́wọ́ aláràjọ kankan. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1867 olóyè kan lẹ́bàá odò Ọya mú un ní ìgbèkùn, òyìnbó tí ó wá gbà á sílẹ̀ ni ọfà olóró pa. Asano kú ní 1880, lẹ́yìn ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tí wọ́n ti jọ wà. Ìyá rẹ̀ Hánnà kú ní 1883. Ní 1884 gbogbo Bíbélì parí ní Yorùbá.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò tí ó le jù fún arúgbó dé, láti inú ilé Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú wọn ní iṣẹ́ rẹ̀ ní odò Ọya kò mọ́, wọ́n ń lé àwọn oníwàásù rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú àwọn oníwàásù náà hùwà tí kò tọ́, a kò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe fún un ní ìpàdé Onitsha ní August 1890 ju ìbáwí lọ. Ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, níwájú àwọn tí ó lè bí ní ọmọ-ọmọ, wọ́n fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọ́n dá ọmọ rẹ̀ Dandeson, tí ó jẹ́ àlùfáà àgbà, dúró. Crowther fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Kò fi ìjọ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ìjọ tí ó wà ní ẹnu odò, ní Bonny àti àyíká rẹ̀, ṣètò bí wọn yóò ti fi owó ara wọn bọ́ ara wọn, láìdúró de òyìnbó.

Ètò náà kò tíì parí nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní 1891. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù December ọdún náà, ní ọjọ́ tí àwa máa ń wọ aṣọ funfun jáde ní alẹ́ láti ṣọ́ ọdún tuntun. Ní 1892 àwọn ìjọ ẹnu odò náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró, Dandeson sì ni ó ń ṣe olórí wọn.

Ẹ ṣí ojú ìwé tí ó kàn fún orin tí a ó kọ tẹ̀lé ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn ọmọdé kọ ẹsẹ kìn-ín-ní nìkan kí àwọn àgbà tó dara pọ̀ mọ́ wọn.